Ohun tí Àjàní Kò Mọ̀: Bí Mo Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àtijọ́ fún Ọmọdé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí a jọ ń fi gègé jẹun, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síwájú níhìn-ín. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ọjọ́ mi ṣe máa ń lọ, àti ọ̀nà tí mo ń gbà kọ ìtàn àtijọ́ fún ọmọdé. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rò ó kiri inú ilé. Ibi tí mo já sí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: nínú iṣẹ́ yìí, kí èèyàn mọ nǹkan kò le tó kí ó gbàgbé ohun tó mọ̀. Ohun tí ọmọ inú ìtàn kò tíì mọ̀ ló máa ń gba agbára lọ́wọ́ mi jù. Bí mo ṣe ń lo òwúrọ̀ mi àti bí mo ṣe ń lo ọ̀sán mi, ọ̀rọ̀ yẹn ló pín wọn.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni n ó fi ṣàlàyé. Abẹ́òkúta ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàrin ọdún 1859 sí 1867. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló wà níbẹ̀, Àjàní ni mo pè é, ó ń kọ́ṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì. Èmi ni mo dá Àjàní. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé náà kì í ṣe àròsọ. Henry Townsend, òjíṣẹ́ CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni ìwé ìròyìn kan jáde níbẹ̀ lédè wa, tí wọ́n kọ orúkọ sí lórí báyìí: Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó di 1860, wọ́n fi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un. Townsend sọ ohun tó ń wá: ó fẹ́ kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Ìròyìn ìjọ, àwọn òjíṣẹ́ tó dé àti àwọn tó lọ, àwọn tó kú, ọ̀rọ̀ òwò, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé.

Ẹ rí i bí mo ṣe kó gbogbo ìyẹn dà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni mímọ̀. Kò tíì di ìtàn.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ní àdúgbò wa. Bí iná ìjọba bá wà, ó wà. Bí kò bá sí, mo ní iná sólà kékeré kan tó tó fún ojú ìwé kan. Mo bọ́jú, mo mu omi gbígbóná, mo sì fi fóònù sí yàrá àwọn ọmọ. Ohun tí mo bá kọ lánàá ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé, màá dìde dúró, màá kà á sókè. Mi ò kà á sínú rí. Etí ni ọmọdé fi ń gba ìtàn kí ojú tó gbà á. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé, bàbá tàbí ìyá tàbí tíṣà ló ń kà á jáde, tí ọmọ ń gbọ́. Níbi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, mo mọ̀ pé gbólóhùn ibẹ̀ ti gùn jù, tàbí pé mo ti gbàgbé Àjàní, mo ń bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni màá jókòó. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́, sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, èyí tí a ń rà ní ìsọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń yá mi lọ́wọ́ jù. Bó bá dáa, mo lè kọ ojú ìwé méjì kó tó di aago mẹ́fà àbọ̀ tí àwọn ọmọ yóò jí. Bí kò bá dáa, ìlà mẹ́ta. Mo ti kọ́ láti má ṣe bínú sí ìlà mẹ́ta, nítorí ìlà mẹ́ta lójúmọ́ ṣì ń di ìwé bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni.

Nǹkan tí ẹ kò ní bá lórí tábìlì mi láàárọ̀ ni ìwé ìtàn. Kò sí àkọsílẹ̀, kò sí àwòrán ilẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀: okùn owó ẹyọ mẹ́ta, àti lẹ́tà òjé kan ṣoṣo tí bàbá atẹ̀wé kan fún mi. Màá padà sórí méjèèjì. Òfin mi ni pé òwúrọ̀ jẹ́ ti Àjàní, Àjàní kò sì mọ̀ ju ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Bí òfin yẹn ṣe dé nìyí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ orí kìíní, mo gbé Àjàní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá yẹn. Mo kọ pé ó wo ìwé tó kọ́kọ́ jáde, ọkàn rẹ̀ kún, ó mọ̀ pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí lédè wa ni òun ń wò, àti pé ìran tó ń bọ̀ kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo kà á fún ọmọ mi obìnrin tó wà ní ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mọ́mì, ta ló sọ fún un?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ta ló sọ fún un? Èmi ni. Èmi tó ń bọ̀ láti ọdún tó ju ọgọ́jọ lọ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo lọ sọ ọ́ sí i létí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kì í ronú nípa ìran tó ń bọ̀. Ó ń ronú pé ọwọ́ òun dúdú, pé ebi ń pa òun, pé ta ni yóò pọn omi lónìí, pé bí òun bá fi ọwọ́ kan ìwé tútù yẹn, ọ̀gá yóò gbá òun létí. Mo fa ojú ìwé yẹn ya. Mo kọ "Ta ló sọ fún un?" sára ògiri níbi tí mo ń jókòó. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo gbólóhùn ni mo ń bi ní ìbéèrè yìí, ẹ ò sì lè mọ bí ó ti ń tú nǹkan fó tó. Orúkọ Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ. Ọdún 1897 ni Flora Shaw gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ní 1859, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan láyé. Ìyẹn rọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè mú un.

Èyí tó le ni orúkọ tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, nítorí ó wà lára ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ tún orúkọ ìwé ìròyìn náà kà: fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Mo ti ka orúkọ yẹn bí ìgbà ogún kí n tó rí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàrin rẹ̀: "àti". Bó bá jẹ́ pé Yorùbá jẹ́ orúkọ gbogbo wa nígbà náà bó ṣe rí lónìí, kí ni Ẹ̀gbá ń ṣe lọ́tọ̀? A kì í sọ pé ìka ọwọ́ àti àtàǹpàkò. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Yorùbá nígbà náà. Ará Ẹ̀gbá ń pe ara rẹ̀ ní Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú ń pe ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àwọn tó ń kọ ìwé, tó ń túmọ̀ Bíbélì, tó ń tẹ̀wé, wà lára àwọn tó na orúkọ náà títí tó fi kó gbogbo wa mọ́ra. Ìyẹn ni pé Àjàní wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń rán aṣọ orúkọ tí gbogbo wa wọ̀ lónìí, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Nínú ìwé mi, kò sọ níbì kan pé "àwa Yorùbá". Ó ń sọ pé "àwa Ẹ̀gbá." Nígbà tí ọmọkùnrin kan tí ogun Ìjàyè lé wá sí Abẹ́òkúta wá jókòó tì í, Àjàní pè é ní Yorùbá, bí èèyàn ṣe ń pe àlejò. Ọmọ ìsinsìnyí tó bá ka ibẹ̀ yóò dúró. Yóò béèrè. Ìbéèrè yẹn níyelórí ju kí n fi odindi orí kan ṣàlàyé fún un.

Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Ọjà tiwa, ọ̀rún-ọ̀rún ni a ń ná an, ọjọ́ márùn-ún bí a ṣe ń kà á. Ìwé ìròyìn náà ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ olọ́jọ́ méje ti ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò ọjọ́ méjì wà nínú orí ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ sọ pé kó wá ràn òun lẹ́rù lọ́jọ́ ọjà, ọ̀gá sọ pé ìwé ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, ó sì di dandan kí méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà nígbà mìíràn. Mo ti ń wá ìjà tí yóò wáyé nílé Àjàní fún oṣù méjì kí n tó rí i pé kàlẹ́ńdà ti dá a sílẹ̀ fún mi.

Ó yẹ kí n sọ ti ọ̀sán, torí kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra ìwádìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tó ti lè ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi dè é mọ́ ọ̀sán. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé, tí mo ti se ọbẹ̀, tí mo ti ṣe iṣẹ́ tó ń mówó ilé wá, aago méjì sí mẹ́rin jẹ́ ti ìwé àtijọ́. Nígbà tí owó ọkọ̀ bá wà, mo máa ń lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀. Ìwé àwọn CMS wà níbẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ wọn, òyìnbó àti ọmọ ilẹ̀ wa, a máa kọ ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn tó ń wá ìtàn ọba àti ogun máa ń lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀ ńlá. Èmi ń wá ibi tí òǹkọ̀wé náà ti ṣèèṣì sọ̀rọ̀ kékeré: ohun tí wọ́n jẹ, ọmọ tó sunkún nígbà ìwàásù, òjò tó dí ọ̀nà, iye tí wọ́n san fún alárù. Ìlà kan báyìí lè gba ọ̀sán méjì. Mo máa ń kọ ọ́ sórí káàdì, màá kó àwọn káàdì náà sínú páálí bàtà, mi ò sì ní ṣí páálí yẹn títí ọ̀sán tó tún ń bọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí ìwé kò lè fún èèyàn. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣe èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ wá owó ẹyọ. Ogójì ló ń wà lórí okùn kan, nítorí náà ọgọ́fà jẹ́ okùn mẹ́ta. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ náà sì ni àpò tí wọ́n ń kó o sí, ẹrù gidi ni lórí alárù. Nígbà tí mo ra ọgọ́fà owó ẹyọ tí mo sì sín in sórí okùn mẹ́ta, mo gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kan pé kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Ọmọkùnrin kan ní, "Ṣé gbogbo èyí ni wọ́n ń san nítorí bébà?" Mo fi gbólóhùn yẹn sí ẹnu ìyá Àjàní, mi ò yí i padà. Mo ti ka "ọgọ́fà owó ẹyọ" nínú ìwé láìmọye ìgbà, ọjọ́ tí mo sín in tán ni mo tó mọ̀ pé ìwé ìròyìn yẹn ní ìró.

Lẹ́tà òjé ńkọ́? Mo lọ sí Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ata, mo ń bèèrè ẹni tó bá tẹ̀wé láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n darí mi sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá fa dúrọ́ọ̀ onígi kan jáde, erùpẹ̀ bò ó, lẹ́tà kún inú rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìyá, lẹ́tà wo nìyí?" Mo ní "dí" ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí" ni. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ẹ̀yìn-síwájú ni wọ́n ń ṣe é, kí ó lè jáde dáadáa lórí bébà. Ẹni tó ń tò ó, òdìkejì ló ń kà á. Wọ́n ní gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń fi bí sí ààyè dí, wọ́n sì fi kún un pé lílù ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dìde, wọ́n fún mi ní bí náà. Ó tútù, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ó sì fi dúdú sí mi ní àtàǹpàkò tí omi ọṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ mú kúrò.

Odindi orí kejì ìwé mi ti ara ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn jáde. Àjàní ti mọ bí àti dí lórí síléètì níléèwé míṣọ́n, ó sì ń fọ́nnu. Ó dé ilé ìtẹ̀wé, gbogbo ohun tó mọ̀ yí padà sẹ́yìn. Ojú tì í. Ó kọ́kọ́ rò pé idán àwọn òyìnbó ni. Ó gbà á ní oṣù púpọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń bá a jiyàn sí.

Bàbá náà béèrè nígbà tí mo ń lọ pé ṣé ọmọdé òde òní yóò ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kan tí mo gbé ìwé mi àkọ́kọ́ lọ bá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti bi mí ní irú rẹ̀ rí, àwọn kò sì dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ní ọmọ kò fẹ́ ìtàn, eré àti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ni kí n kọ wá. Ó dùn mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró níléèwé kéékèèké wa, kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ọmọ kan dàgbà láàrin àkókò yẹn láìmọ ẹni tó tẹ ìlú wọn dó. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ ìtàn. Kò sí ẹni tó gbé e kalẹ̀ fún wọn ni.

Ilé iṣẹ́ kejì gba ìwé Àjàní yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n yọ Ìwọ̀fà kúrò. Ọ̀rẹ́ Àjàní jẹ́ ìwọ̀fà: bàbá rẹ̀ yá owó, wọ́n sì fi ọmọ náà sọ́dọ̀ olówó kó máa fi iṣẹ́ sanwó èlé títí gbèsè yóò fi tán. Wọ́n ní ó burú fún ọmọdé láti kà. Mo kọ̀. Ìwọ̀fà wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, ẹrú wà pẹ̀lú, nínú ilé àwọn èèyàn ńlá tí a ń fi orúkọ wọn pe òpópónà lónìí. Nínú ìlú kan náà ni àwọn Sàró tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ti padà wá ń wá ẹbí wọn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther, ọ̀kan lára àwọn Sàró náà, lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó wà lọ́mọdé. Abẹ́òkúta ló ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Báwo ni n ó ṣe sọ fún ọmọ pé ìyá àti ọmọ pàdé, bí mi ò bá sọ ohun tó yà wọ́n? Ọ̀nà tí mo gbà ni kí n jẹ́ kí ọmọ náà fi ojú ọmọ rí i. Àjàní kò mọ ọ̀rọ̀ èlé. Ó mọ̀ pé bí òun bá ń lọ síléèwé, ọ̀rẹ́ òun ń lọ sóko ẹlòmíràn, àti pé bí ọ̀rẹ́ òun bá ṣàìsàn, ńṣe ni gbèsè náà dúró dè é. Ìyẹn tó. Àwọn ọmọ tí mo ti kà á fún kò sunkún. Wọ́n bínú, inú mi sì dùn sí ìbínú wọn.

Ayàwòrán tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, mo sì ń jàǹfààní rẹ̀ gidi. Nígbà kan ó ya ìyá Àjàní nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó rẹwà, àwòrán ẹyẹ àti ewé kún ara rẹ̀. Abẹ́òkúta, àdìrẹ, ta ni kò ní gbà? Ṣùgbọ́n inú ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ni aṣọ ẹlẹ́kọ yẹn gbòde, nígbà tí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti òkè òkun ti pọ̀ lọ́jà. A pààrọ̀ rẹ̀ sí kíjìpá aláró, tí wọ́n hun nílé, tó nípọn. Ó ní àwòrán náà ti ṣókùnkùn jù. Ọjọ́ kejì ó mú un padà wá, ó ti fi àmì aró sí èékánná ìyá náà. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀, òun ló rí i, mo sì padà lọ kọ ọ́ sínú ìtàn.

Ohun tó máa ń dunni jù ni ohun tí a mọ̀ tí a kò lè lò. Ní oṣù kan náà tí ìwé ìròyìn yẹn kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1859, Martin Delany láti Amẹ́ríkà àti Robert Campbell ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú méjèèjì, bá Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí àwọn èèyàn dúdú láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó. Campbell tilẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Òun ló padà dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. Mo kọ orí méjì nípa wọn. Oṣù mẹ́ta iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wọ ìjókòó àwọn ìjòyè? Mo gbìyànjú láti fi í pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbìyànjú láti mú un gbé omi wọlé. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù nínú ìwé náà jẹ́ gbólóhùn méjì: Àjàní rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n wọ aṣọ òyìnbó, tí àwọ̀ wọn kò sì jẹ́ ti òyìnbó, wọ́n ń kọjá lọ, ó sì kí wọn lédè Ẹ̀gbá láti wò ó bóyá wọn yóò dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ogun kí n tó jókòó. Ọdún 1851 ni Dàhòmì kọ́kọ́ gbógun ti Abẹ́òkúta, Àjàní wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà náà, kò rántí nǹkan kan. Wọ́n tún padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta 1864, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Gbogbo wa tí a ti ka ìtàn mọ̀ pé odi ìlú kò wó, pé wọ́n lé ogun náà padà. Èmi pàápàá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ alẹ́ tó ṣáájú ogun náà, ẹ̀rù kò bà mí, kò sì ba ẹni tó kà á, nítorí ìfọ̀kànbalẹ̀ mi ti wọ inú gbólóhùn. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ní ìdájí kan, mo pa iná, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ ohun tó ń dún nínú ilé. Ìyá tó ń bá mi gbé ti jí, wọ́n wà nídìí ọlọ, wọ́n ń lọ ata ẹ̀wà àkàrà. Mo tan iná, mo kọ ohun tí Àjàní sọ: "Ìyá mi ń lọ ata. Bí ogun bá ń bọ̀ lóòótọ́, ṣé èèyàn tún máa ń lọ ata?" Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ orí náà lákọ̀tun.

Báyìí, orí tó kẹ́yìn ló wà lọ́wọ́ mi. Oṣù Kẹwàá 1867 ni. Láti ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861 ni èdè-àìyedè ti ń pọ̀ láàrin wọn àti Abẹ́òkúta, nítorí ọ̀nà òwò, nítorí owó bodè, nítorí ààlà. Ó bẹ́ lọ́dún náà. Àwọn èèyàn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni Ìwé Ìròhìn parí sí.

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti kọ orí yìí. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, Àjàní, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, dúró láàrin yàrá náà, ó ń sunkún nítorí ìwé ìròyìn tó kú. Mo kà á sókè láàárọ̀, ó dùn létí, mo sì ń fi ojú wo ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ta ló sọ fún un pé ó ti kú? Èmi ni mo ń sunkún. Òun kò mọ̀ pé kò ní jáde mọ́.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, tí mo kọ láàárọ̀ ìjẹta, ó wọlé, ó bá àwọn dúrọ́ọ̀ ní dídojúdé, òjé fọ́nká sílẹ̀ láàrin eruku. Ó kúnlẹ̀. Ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú wọn, ó ń to bí sí ọ̀tún, ó ń to dí sí òsì, ó sì ń yára, nítorí Sátidé ti sún mọ́lé.